ẸNI MẸ́WÀÁ NÍDÌÍ ÌGÒ KAN: Ẹ̀kọ́ Lórí Oògùn Ìrora Tí Ó Ń Pa Ọ̀dọ́

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá ẹ̀mí, tí ó sì fi ẹ̀mí ṣe ohun ọ̀wọ̀. Ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá Ànọ́bì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.



Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń gbọ́ ládùúgbò: "Ó sùn, kò jí mọ́." Ọ̀dọ́ tí kò ṣàìsàn, tí gbogbo ènìyàn rí ní ìrọ̀lẹ́, ni wọ́n bá lórí ẹní ní àsìkò ìrun Àsùbáà tí ara rẹ̀ ti tutù. A ó wẹ̀ ẹ́, a ó fi aṣọ funfun dì í, a ó kírun sí i lára, a ó sì sin ín kí ọjọ́ tó lọ. Òtítọ́ ni pé ọlọ́jọ́ kì í yẹ̀, sùnnà sì ni kí a tètè sin òkú. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ẹni tí ó gbé ìrọ̀rí òkú náà sókè bá páálí tramadol lábẹ́ rẹ̀, ó sì yára jù ú nù kí ojú má baà ti ẹbí. A kò bá a wí, nítorí Ìsìláàmù kọ́ wa láti bo àṣírí ọmọ ìyá wa. Àmọ́ bí a bá bo àṣírí òkú, ǹjẹ́ ó yẹ kí a tún bo àṣírí ohun tí ó pa á? Ẹnì kan kú, a dákẹ́. Ẹlòmíràn sì ń ra oògùn kan náà ní ìsọ̀ kan náà.

Ìdí nìyí tí a fi mú ọ̀rọ̀ yìí ṣe ẹ̀kọ́ oṣù yìí fún àwa ọ̀dọ́ Ṣàngó. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú kúrò nínú rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ibi tí oògùn ìrora bá ti ń ya wọlé láìní ìjánu, ibẹ̀ ni sàréè ti ń pọ̀ sí i. Nítorí náà, ẹ̀ṣẹ̀ ikú yìí kò dúró sí ọrùn ẹni tí ó gbé e mì nìkan.

1. KÍ NI OÒGÙN YÌÍ, BÁWO NI Ó SÌ ṢE Ń PANI?

Ẹbí kan náà ni tramadol, codeine, morphine àti àwọn irú wọn. Opioid ni àwọn oníṣègùn ń pè wọ́n. Baba ńlá wọn ni afíyùn, oje tí a ń rí lára òdòdó kan. Ó pẹ́ tí àwọn Mùsùlùmí ti mọ̀ ọ́n. Ibn Sina, oníṣègùn ńlá tí ó kú ní ọdún 1037, kọ nípa afíyùn nínú ìwé ìṣègùn rẹ̀ tí ń jẹ́ Al-Qanun, pé ó ń pa ìrora, ó sì kìlọ̀ pé ó lè pani.

Ẹ jẹ́ kí ó yé wa pé oògùn tòótọ́ ni wọ́n. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún, ẹni tí àrùn jẹjẹrẹ ń bá jà, ọmọ tí ó ní àrùn fònikú-fọ̀ládìde tí eegun ń ro títí ilẹ̀ fi mọ́, àánú Ọlọ́hun ni oògùn yìí jẹ́ fún irú wọn nígbà tí dókítà bá wọ̀n ọ́n fún wọn. Ànọ́bì (S.A.W.) pa á láṣẹ pé kí a wá ìwòsàn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí ẹ̀kọ́ yìí gba oògùn lọ́wọ́ aláìsàn.

Ewu rẹ̀ wà nínú èémí. Irú ibùdó tí oògùn yìí ń bà lé nínú ọpọlọ láti pa ìrora wà ní apá tí ń darí èémí pẹ̀lú. Bí a bá sùn, ọpọlọ ni ó ń rán àyà létí pé kí ó máa mí. Bí oògùn bá pọ̀ jù, ìránnilétí yìí yóò máa lọ́ra, èémí yóò máa falẹ̀, títí yóò fi dúró pátápátá. Kò sí ariwo, kò sí ìjàkadì, ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò rò pé oorun dídùn ni. Tramadol tún lè fa gìrì fún àgbàlagbà tí gìrì kò ṣe rí.

Ohun mẹ́rin ni ó sábà máa ń sọ ewu yìí di ikú:

(i) Àpọ̀jù. Tramadol mílígíráàmù 50 àti 100 ni NAFDAC fọwọ́ sí ní Nàìjíríà. Èyí tí wọ́n ń tà ní kọ̀rọ̀ a máa jẹ́ 225 tàbí 250, nínú hóró kan ṣoṣo.

(ii) Àdàlù. Ẹni tí ó pa á pọ̀ mọ́ ọtí, mọ́ Rohypnol tàbí mọ́ oògùn oorun mìíràn ti fi ẹrù méjì lé èémí kan náà lórí.

(iii) Ara kò dọ́gba. Àwọn kan wà tí ara wọn máa ń sọ codeine di morphine kíákíá, tí ìwọ̀nba tí kò ṣe ẹlòmíràn ní nǹkan lè dá èémí wọn dúró. Nítorí ìdí yìí ni àjọ tí ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà fi kéde ní ọdún 2017 pé kí wọ́n má ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 ní codeine tàbí tramadol.

(iv) Ìpadà sí i. Ẹ fetí sí èyí dáadáa. Ẹni tí ó ti ń lò ó pẹ́, ara rẹ̀ ti mọ́ ọn lára, hóró mẹ́ta tàbí mẹ́rin kò tó o mọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ara rẹ̀ yóò gbàgbé. Bí ó bá padà sí iye tí ó ń lò tẹ́lẹ̀, iye náà lè pa á. Ẹ wo ọ̀dọ́ tí ó bọ̀wọ̀ fún oṣù Ràmàdáánì, tí ó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́, tí àwọn ọ̀rẹ́ wá fi hóró mẹ́rin kí i kú ọdún lọ́jọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀. Ọjọ́ ìdùnnú yẹn gan-an ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹni tí Ọlọ́hun bá fún ní ẹsẹ̀ láti kúrò níbẹ̀, kí ó má ṣe padà.

2. ẸNI MẸ́WÀÁ TÍ HÁDÍÌSÌ KÀ

Anas ọmọ Malik ni ó gba hádíìsì kan wá fún wa, Tirmidhi àti Ibn Majah sì kó o sínú ìwé wọn, pé Ànọ́bì (S.A.W.) ṣẹ́ èpè lé ènìyàn mẹ́wàá lórí nítorí ọtí. Ẹni tí ó pọn ọ́n wà níbẹ̀, àti ẹni tí ó ní kí wọ́n pọn ọ́n. Ẹni tí ó mu ún wà níbẹ̀. Ẹni tí ó rù ú àti ẹni tí wọ́n rù ú lọ bá, ẹni tí ó ń bù ú fún ènìyàn, ẹni tí ó tà á, ẹni tí ó jẹ owó rẹ̀, ẹni tí ó rà á àti ẹni tí wọ́n rà á fún, gbogbo wọn wà níbẹ̀.

Bí ẹnì kan bá ní ọtí ni hádíìsì yìí sọ, kò sọ ti hóró oògùn, a ó rán an létí hádíìsì mìíràn tí ó wà nínú ìwé Muslim, níbi tí Ànọ́bì (S.A.W.) ti ka gbogbo ohun tí ń pani lọ́pọlọ mọ́ ọtí. Abu Dawud náà gbà á láti ọ̀dọ̀ ìyá wa Umm Salama pé ó kọ gbogbo ohun tí ń pani bí ọtí àti ohun tí ń sọ ara di wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Nítorí náà, hóró tí dókítà fún aláìsàn nítorí ìrora, oògùn ni. Hóró kan náà tí a gbé mì kí ojú lè yí, tàbí kí a lè fi gbogbo òru wakọ̀, ìdájọ́ ọtí ni ó gbà.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí orí ìkà náà. Nínú ẹni mẹ́wàá, ẹnì kan ṣoṣo ni ó mu ún. Àwọn mẹ́sàn-án yòókù ni wọ́n pèsè rẹ̀, tí wọ́n gbé e, tí wọ́n rà á tí wọ́n tà á, tàbí tí wọ́n jèrè nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni àwa ṣe ń ṣe é? Ẹni tí ó mu ún ni à ń lé kúrò nínú ẹgbẹ́. Oníṣòwò rẹ̀, bí ó bá lówó, a fi í ṣe alága ìfilọ́lẹ̀.

3. OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ AMẸ́RÍKÀ

Bí ẹ bá fẹ́ rí i pé àwọn mẹ́sàn-án yẹn ní ọwọ́ nínú ikú, ẹ wo Amẹ́ríkà, nítorí wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò òkú níbẹ̀, wọ́n sì ń kọ ohun tí ó pa á sílẹ̀.

Ní ọdún 1996, ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Purdue Pharma gbé oògùn ìrora kan jáde tí wọ́n pè ní OxyContin. Wọ́n rán àwọn aṣojú wọn káàkiri sọ́dọ̀ àwọn dókítà pé oògùn náà kò fi bẹ́ẹ̀ ń di bárakú. Àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́ fún ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn àti ẹni tí eyín ń ro. Láti ọdún 1999 sí 2010, títa irú oògùn wọ̀nyí fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin ní orílẹ̀-èdè náà. Iye ènìyàn tí wọ́n ń pa náà sì ń gòkè bí títà ṣe ń gòkè. Ní ọdún 1999, àwọn tí oògùn ìrora tí dókítà ń kọ pa jẹ́ 3,442. Ní ọdún 2017, wọ́n ti lé ní 17,000.

Ìrora àwọn ará Amẹ́ríkà kò di ìlọ́po mẹ́rin láàrin ọdún mẹ́wàá. Oògùn ni ó di ìlọ́po mẹ́rin. Ilé-iṣẹ́ náà jẹ́bi ní ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní ọdún 2007, ó sì tún gbà pé òun jẹ̀bi ní ọdún 2020. Ẹ rí i pé kì í ṣe ọmọ ìta ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn tí wọ́n de táì, tí wọ́n ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

4. NÍ NÀÌJÍRÍÀ ÀTI NÍ ÌLỌRIN TIWA

Lọ́dọ̀ wa, ọ̀nà tí oògùn yìí gbà wọlé yàtọ̀. Kì í ṣe dókítà ni ó ń kọ ọ́ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí ń lò ó. Inú àpótí ńlá ni ó ń bá ọkọ̀ ojú omi wá láti òkè òkun, àgàgà láti Íńdíà, tí yóò sì gba ọ̀dọ̀ alágbàtà dé kẹ́mísì ẹ̀gbẹ́ ilé. Òfin kò gba oní-kẹ́mísì kékeré láyè láti ta oògùn tí ó nílò ìwé dókítà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ohun tí ojú wa ń rí.

Ní ọdún 2017, àjọ UNODC ti Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè ṣàlàyé pé tramadol tí àwọn agbófinró ń gbà lọ́dún kan ní ilẹ̀ Áfíríkà níhà gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà ti gòkè láti kílógíráàmù 300 sí ohun tí ó ju tọ́ọ̀nù 3 lọ láti ọdún 2013. Ìyẹn ni ìlọ́po mẹ́wàá, èyí tí wọ́n rí gbà nìkan sì ni. Ìwádìí tí UNODC àti àjọ oníṣirò orílẹ̀-èdè wa jọ ṣe, tí wọ́n gbé jáde ní oṣù kìíní ọdún 2019, fi hàn pé mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn láàrin ọmọ ọdún 15 sí 64 ni wọ́n lo oògùn olóró láàrin ọdún kan ní Nàìjíríà. Nínú wọn, mílíọ̀nù 4.6 ni ó lo oògùn ìrora bíi tramadol láìsí àṣẹ dókítà. Obìnrin sì ni ẹnì kan nínú mẹ́rin àwọn tí ń lo oògùn olóró. Nítorí náà, kí ẹ̀yin ọmọ ìyá wa lóbìnrin má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni a ń sọ.

Ìlú wa gan-an kò sì sí ní ìta ọ̀rọ̀ náà. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 2018, ilé-iṣẹ́ ìròyìn BBC gbé fíìmù ìwádìí kan jáde lórí bí oògùn ikọ́ tí ó ní codeine ṣe ń jáde ní ẹ̀yìnkùlé àwọn ilé-iṣẹ́ sí ọwọ́ àwọn tí ń fi í pa ọpọlọ. Ní ọjọ́ kejì, Mínísítà fún Ètò Ìlera nígbà náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Isaac Adewole, kéde pé ìjọba ti fòfin de kíkó oògùn ikọ́ oní-codeine wọlé àti ṣíṣe é. Láàrin ọ̀sẹ̀ kan, NAFDAC ti ilé-iṣẹ́ apòògùn mẹ́ta pa, wọ́n ní àwọn kò rí àkọsílẹ̀ tí àwọn nílò gbà tó níbẹ̀. Ọ̀kan wà ní Èkó. Méjì yòókù wà ní Ìlọrin níbí.

A kì í ṣe adájọ́, a kò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ohun tí a ń sọ ni pé ìlú tí wọ́n mọ̀ sí ilé Kùráánì, tí ọmọ ń ti ọ̀nà jíjìn wá kéú níbẹ̀, ni méjì nínú mẹ́ta yẹn wà. Bí a bá ń wá ẹni mẹ́wàá, kí a má ṣe wo òkè òkun nìkan.

5. DÍDÍ OJÚ Ọ̀NÀ NÌKAN KÒ TÓ

Ẹnì kan lè sọ pé: "Bí ó bá jẹ́ pé pípọ̀ oògùn ni ó ń pani, kí wọ́n gbà á lọ́jà, ó parí." Ó yẹ kí wọ́n gbà á, ṣùgbọ́n kò parí síbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìwé tí àwọn dókítà kọ fún oògùn wọ̀nyí dínkù láti mílíọ̀nù 255 ní ọdún 2012 sí nǹkan bí mílíọ̀nù 142 ní ọdún 2020. Àmọ́ àwọn tí ó ti di bárakú fún sá lọ sí heroin, lẹ́yìn náà sí fentanyl tí ó lágbára jù ú lọ. Ní ọdún 2021, gbogbo àwọn tí àpọ̀jù oògùn olóró pa níbẹ̀ lé ní 106,000. Ìgbà tí wọ́n fi ìtọ́jú kún un, tí wọ́n sì pín naloxone káàkiri, oògùn tí ń dá èémí padà, ni iye náà wá já wálẹ̀ sí nǹkan bí 80,000 ní ọdún 2024.

Lọ́dọ̀ wa náà, lẹ́yìn òfin codeine, tí Íńdíà sì ti fi ìjánu sí tramadol ní oṣù kẹrin ọdún 2018, àwọn oníṣòwò pààrọ̀ ọjà. Ní oṣù kejì ọdún 2025, BBC tún tú àṣírí ilé-iṣẹ́ kan ní Mumbai tí ń po tapentadol pọ̀ mọ́ carisoprodol, tí ń fi í ránṣẹ́ sí Nàìjíríà, Gánà àti Côte d'Ivoire. Íńdíà fòfin dè é ní oṣù yẹn kan náà.

Ẹ̀kọ́ ńlá wà fún wa nínú ọ̀nà tí Ọlọ́hun gbà kọ ọtí. Ó kọ́kọ́ jẹ́ kí a mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ pọ̀ ju àǹfààní rẹ̀ lọ (Súrà Al-Baqarah, 219). Lẹ́yìn náà ó kọ̀ pé kí a sún mọ́ ìrun nígbà tí ọtí bá ń pa wá (Súrà An-Nisa, 43). Ní ìkẹyìn ni ó kọ̀ ọ́ pátápátá (Súrà Al-Maidah, 90). Hàráámù ni lónìí, kò sí ìpele kankan mọ́. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú rẹ̀ ṣì wà: Ọlọ́hun tí ó dá ènìyàn mọ̀ pé ohun tí ó ti wọ ara kì í fi ọjọ́ kan jáde. Ẹni tí oògùn ti di bárakú fún nílò dókítà àti alábàárò. Nínà àti dídè mọ́ ẹsẹ̀ òpó kì í ṣe ìtọ́jú. Ẹ̀ka kan wà fún irú ìtọ́jú yìí ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin tí ó wà ní Òkè-Ose, lójú ọ̀nà Jẹ́bà tiwa yìí.

6. BÍ Ẹ BÁ BÁ ẸNÌ KAN TÍ KÒ JÍ

Kùráánì Alápọ̀n-ọ́nlé kọ́ wa nínú Súrà Al-Maidah, 32, pé ẹ̀san ẹni tí ó gba ẹ̀mí kan là dà bí ti ẹni tí ó gba gbogbo ènìyàn là. Ẹ kọ́ èyí sórí:

(i) Àmì rẹ̀: ẹ pè é, kò dáhùn, ẹ fi ìka ọwọ́ rà á láàrin àyà, kò mira, èémí rẹ̀ falẹ̀ tàbí ó ń hun bí ẹni tí omi há lọ́fun, ẹyinjú rẹ̀ kéré bí ojú abẹ́rẹ́, ètè àti èékánná rẹ̀ ti ń ṣe bí eérú.

(ii) Ẹ má ṣe wí pé "ẹ jẹ́ kí ó sùn ún tán." Oorun yẹn ni ikú.

(iii) Ẹ má ṣe da epo pupa, mílíìkì, omi ọsàn tàbí ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ọ̀nà èémí ni yóò gbà.

(iv) Bí ó bá ṣì ń mí, ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí èébì má baà há a lọ́fun. Bí kò bá mí mọ́, ẹ tẹ orí rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, ẹ di imú rẹ̀, kí ẹ sì máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹ bá ti ka ení dé àrún. Bí ó bá jẹ́ obìnrin, tí obìnrin mìíràn kò sí nítòsí, kí ìyẹn má ṣe dá yín dúró. Ìgbàlà ẹ̀mí ni.

(v) Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ òtítọ́ fún dókítà nípa ohun tí ó gbé mì. Bí dókítà bá mọ̀, ó lè fún un ní naloxone. Irọ́ tí a pa nítorí ìtìjú lè pa á.

7. OJÚṢE WA

Súrà Al-Maidah, ẹsẹ̀ kejì, pa á láṣẹ fún wa láti ran ara wa lọ́wọ́ lórí ire àti ìbẹ̀rù Ọlọ́hun, ó sì kọ̀ fún wa láti ran ara wa lọ́wọ́ lórí ẹ̀ṣẹ̀. Nítorí náà, kí ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ń kọ́ṣẹ́ ní kẹ́mísì mọ̀ pé òun lè jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn mẹ́wàá. Kí ọlọ́kadà tí wọ́n ń rán ní páálí tí kò mọ ohun inú rẹ̀ béèrè. Kí ọmọ ìyá wa lóbìnrin tí ọ̀dọ́mọkùnrin ń fi owó ọjà yìí dá lọ́lá rántí ẹni tí ń jẹ owó rẹ̀. Kí àwa alákòóso ẹgbẹ́ sì yẹ ọwọ́ tiwa wò kí a tó gba owó ìfilọ́lẹ̀ mìíràn.

Ẹni tí ó ń mu ún, ẹ má ṣe lé e jáde ní mọ́sáláṣí. Ẹ dì í mú. Mẹ́sàn-án ni wọ́n dìde sí i. Kò yẹ kí ó máa dá jà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÓKÒÓ WA

1. Ta ni àwọn mẹ́sàn-án yòókù ní àdúgbò tìrẹ? Má ṣe dárúkọ ẹnikẹ́ni. Irú iṣẹ́ wọn ni kí o sọ.
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin bíbo àṣírí ọmọ ìyá ẹni àti bíbo ohun tí ń pa á?
3. Kí ni ẹgbẹ́ wa lè ṣe ní ọ̀sẹ̀ tí ó gbẹ̀yìn Ràmàdáánì fún ẹni tí ó ti fi ọgbọ̀n ọjọ́ sá fún oògùn?
4. Ta ni nínú wa tí ó lè fi ìdáhùn sí ìpín kẹfà hàn wá lójú gbogbo ènìyàn?

Kí Ọlọ́hun ṣàánú fún àwọn tí ó ti lọ, kí Ó gba àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ là, kí Ó má sì ṣe ka àwa mọ́ àwọn mẹ́wàá. Àmín.